Ẹlẹ́rìí Ọjọ́ Kìíní: Àríwísí Sinimá Àfọwọ́yà nínú Ìwé Ìròyìn Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì dìde láti bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, tí gbogbo àwọn tí ó fi ojú ba nǹkan ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè, ìròyìn tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni ó kù tí ó súnmọ́ àfojúbà jù lọ. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ń ka ìwé ọdọọdún yìí: èyíinì ni àríwísí tí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kọ nípa sinimá àfọwọ́yà ní àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Sinimá àfọwọ́yà kì í ṣe fọ́tò ènìyàn tí ń rìn. Ayàwòrán ni ó jókòó, tí ó ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èkíní yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, tí a sì wá ya fọ́tò wọn tẹ̀lé ara wọn. Àwòrán 24 ní ń kọjá lójú wa nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ojú a sì gbà pé eku ń jó, pé ehoro ń sáré, pé igi ń na ọwọ́ láti mú ọmọdé. Àwọn ènìyàn wà, ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, tí wọ́n fi kíkó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ ṣe àfẹ́, àwọn kan nínú wọn kì í sì wá ìròyìn ogun tàbí ti ikú ọba. Àríwísí sinimá wọ̀nyí ni wọ́n ń wá. Ní àkókò tiwa yìí ẹ̀wẹ̀, ènìyàn lè ka púpọ̀ nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà láìfi ọwọ́ kan bébà. Kí ni ó wá dé tí wọ́n tún ń fi owó ra bébà tí ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tí ó ń já bí a bá ṣí i?

Èrò wa ni pé àfẹ́ náà ní láárí, ó tilẹ̀ ju àfẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú kan wà níbẹ̀. Kí ẹni tí ń kó o jọ pa odindi ojú-ìwé mọ́, kí ó má ṣe gé ìdájọ́ kúrò lára ọjọ́ tí a dá a. Ìdájọ́ tí a gé kúrò lára ọjọ́ rẹ̀ dà bí ọmọ tí a gbé kúrò nílé baba rẹ̀: yóò máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ìdí tí ó fi ń sọ ọ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ díẹ̀ wá, kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí afẹ́fẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a rántí pé ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òbí sinimá àfọwọ́yà. Winsor McCay, ayàwòrán ìwé ìròyìn, ń ya ìtàn Little Nemo sínú New York Herald láti ọdún 1905. Ní 1911 ó mú kí àwọn àwòrán náà rìn nínú sinimá, nígbà tí ó sì di 1914, ó ya ẹranko ńlá ayé àtijọ́ kan tí ó pè ní Gertie. Yóò dúró lórí ìtàgé, yóò máa pàṣẹ fún ẹranko inú sinimá náà, ẹranko náà yóò sì máa ṣe bí ẹni pé ó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. William Randolph Hearst, ọ̀gá ìwé ìròyìn tí McCay ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, kò fẹ́ kí ìtàgé gba ayàwòrán rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni a tún ti rí ẹ̀rí àkọ́kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà yìí. Ọmọ ni ó padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Steamboat Willie, sinimá kékeré tí eku tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mickey Mouse fi di olókìkí. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1928 ni a kọ́kọ́ fi í han gbogbo ènìyàn ní Colony Theatre ní New York. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Kì í ṣe òun ni àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Sinimá ńlá tí a kéde fún ọjọ́ náà ni Gang War, ìtàn àwọn jàǹdùkú. Lónìí, àwọn tí ó rántí Gang War kò pọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ rẹ̀, nítorí eku náà ni. Ẹni tí ó bá gé ìlà díẹ̀ tí ó kan eku jáde nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà, tí ó sì fi dígí bò ó lára ògiri, yóò rò pé gbogbo ayé ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ohun ńlá ni a bí. Ẹni tí ó bá pa odindi ojú-ìwé mọ́ yóò rí òtítọ́: ohun ńlá náà wọlé bí ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Bí ojú-ìwé ti tò, èyí tí ó tóbi àti èyí tí ó kéré nínú rẹ̀, ẹ̀rí ni òun náà jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀rí.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, Walt Disney dá ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ sinimá ń pè ní ìwà òmùgọ̀ láṣà. Ó fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là ṣe Snow White and the Seven Dwarfs, ìtàn ọmọbìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ funfun bí yìnyín àti àwọn aràrá méje, èyí tí àwọn ará Grimm ti tẹ̀ ní Jámánì láti ọdún 1812. A kọ́kọ́ fi í hàn ní Carthay Circle Theatre ní Los Angeles ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1937, ó sì dé Radio City Music Hall ní New York ní oṣù Kìíní 1938. Ìbẹ̀rù tí ó wà nílẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí yóò lè jókòó fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 23 láti wo àwòrán lásán. Àwọn àríwísí ìgbà náà ni ẹlẹ́rìí wa pé wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọkún.

Frank S. Nugent kọ ti New York Times ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 1938. Ìyìn rẹ̀ kò ní ààlà. Láti fi bí iṣẹ́ náà ti tóbi tó hàn, ó gbé e sí ẹgbẹ́ The Birth of a Nation, sinimá ọdún 1915. Níhìn-ín ni ó yẹ kí òǹkàwé dúró. The Birth of a Nation ni sinimá tí ó gbé àwọn Ku Klux Klan ga bí akọni, tí ó sì fi ẹlẹ́yà ṣe àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà; ẹgbẹ́ NAACP ti dìde lòdì sí i láti ọdún tí ó ti jáde. Nugent kò mẹ́nu bà á láti bú ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ọnà inú rẹ̀ ni ó ń wò, ó sì dá a lójú pé gbogbo òǹkàwé rẹ̀ yóò gbà pé òṣùwọ̀n títọ́ ni. Bí a bá gé ìyìn náà nìkan, a ó ní, “Ẹ wò ó bí ó ti mọ̀ ọ́n wò tó!” Bí a bá ka gbogbo rẹ̀, a ó rí i pé alárìíwísí tí ojú rẹ̀ mú ṣáṣá lè fi òṣùwọ̀n kan wọn nǹkan, kí ó má sì rí ìbàjẹ́ tí ó wà lára òṣùwọ̀n náà. A kò sọ èyí láti fi Nugent ṣẹ̀sín. A sọ ọ́ nítorí pé àwa náà ní òṣùwọ̀n tiwa lọ́wọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí. Àwọn alárìíwísí kan, bí wọ́n ti ń yin àwọn aràrá àti ẹranko igbó, wọ́n sọ pé ọmọbìnrin náà àti ọmọ ọba tí ó fẹ́ ẹ kò rìn bí ènìyàn, pé ara wọn gan. Ní Britain ẹ̀wẹ̀, àwọn tí ń yẹ sinimá wò kí a tó fi í hàn pàṣẹ ní 1938 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 má ṣe wọlé wò ó bí kò bá sí àgbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí àjẹ́ inú rẹ̀ àti igbó tí ó ń dẹ́rù bà ni. Lónìí a ń fi í han ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni ó tọ̀nà, àwọn tàbí àwa? Ìwé ìròyìn àtijọ́ kò dáhùn; ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìbéèrè ti wà rí, èyíinì sì sàn ju kí a rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni gbogbo ènìyàn ti ń ronú bí a ti ń ronú.

Àpẹẹrẹ kẹta ni Fantasia, tí ó jáde ní Broadway Theatre ní New York ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 1940. Sinimá yìí kò ní ìtàn kan ṣoṣo. Orin Bach, Beethoven, Stravinsky àti àwọn mìíràn ni Disney fi àwòrán túmọ̀, Leopold Stokowski sì ni ó darí àwọn tí ń lu orin náà. New York Times fi ẹni méjì sí ìdí rẹ̀: Bosley Crowther kọ̀wé nípa sinimá, Olin Downes sì kọ̀wé nípa orin. Crowther yìn ín gidigidi. Downes yin bí ohùn orin ti dún kún gbogbo ilé náà, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo ohun tí àwòrán fi orin ṣe. Ẹ wo bí ìwé ìròyìn kan náà ti fún wa ní ẹlẹ́rìí méjì, tí ẹ̀rí wọn kò sì dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù ni Dorothy Thompson, obìnrin tí ń kọ̀wé nípa ìṣèlú sínú New York Herald Tribune. Ó bínú kọjá ààlà. Ó ní iṣẹ́ náà tàbùkù sí Beethoven, ó sì sọ pé òun rí nínú rẹ̀ ẹ̀mí kan náà tí ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọba Nazi, ẹ̀mí tí ń sọ ẹ̀bùn rere di ohun ìparun. Àwọn tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láti fi pa ẹ̀rín pọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ wá wo obìnrin tí ó pe eku ní Hitler.” Àwa náà ìbá bá wọn rẹ́rìn-ín bí kò bá ṣe ti ọjọ́ tí ó wà lórí bébà náà. Obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Jámánì. Ìjọba Hitler ni ó lé e jáde níbẹ̀ ní 1934. Ní oṣù Kẹfà 1940 àwọn ọmọ-ogun Jámánì wọ Paris. Fantasia jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá. Ní òru ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ òfurufú Jámánì rọ bọ́ǹbù sórí ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí iná sì jó ilé Ọlọ́run ńlá ibẹ̀ tí ó fi ku ògiri. Kí oṣù náà tó parí ni Thompson kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ kún fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni ó wọ ilé sinimá lọ, tí ó bá àwòrán tí ń ṣeré lórí orin Beethoven. A ṣì lè sọ pé ó ṣì í sọ, àwa gan-an rò pé ó ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ìṣìsọ rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìṣìsọ ẹni tí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jó ni. Ojú-ìwé ni ó kọ́ wa ní àánú yìí. Ìlà tí a gé kì bá ti kọ́ wa.

Ìdí mìíràn sì wà tí àríwísí 1940 fi níye lórí. Fantasia tí wọ́n wò kọ́ ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wò lẹ́yìn náà. Ó tó wákàtí méjì nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ní 1942 wọ́n gé e kúrú sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 kí ó lè dé àwọn ilé sinimá gbogbo. Ní 1969 wọ́n tún yọ àwòrán ọmọ-ọ̀dọ̀ dúdú kan kúrò nínú rẹ̀, ọmọ tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹranko, tí ń nu pátákò ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ funfun. Ó dára tí wọ́n yọ ọ́ fún àwọn ọmọdé tí ń wò ó. Ṣùgbọ́n kò dára kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ rí. Nígbà tí oníṣẹ́ bá lè padà tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀, ohun tí a tẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ni kò ṣeé tún ṣe.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa fúnra wa. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1946, a fi Song of the South hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Fox Theatre ní ìlú Atlanta. Nínú sinimá yìí, ènìyàn gidi àti àwòrán àfọwọ́yà ń bá ara wọn ṣe pọ̀: baba arúgbó aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Uncle Remus ń pa ìtàn fún ọmọ funfun kékeré kan, ìtàn tí ó sì ń pa, ìtàn ehoro ọlọ́gbọ́n, ni àwòrán ń fi hàn. James Baskett ni ó ṣe Uncle Remus. Nítorí òfin tí ó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ní Atlanta nígbà náà, Baskett kò lè bá wọn péjọ níbi ayẹyẹ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbé lérí.

Joel Chandler Harris, akọ̀ròyìn, ni ó kọ́kọ́ tẹ àwọn ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn Atlanta Constitution, kí ó tó kó wọn jọ sínú ìwé ní 1880. Ẹnu àwọn dúdú tí wọ́n wà lóko ẹrú ni ó ti gbọ́ wọn. Nínú wọn ni ìtàn ère tí a fi ọ̀dà mọ, tí ehoro gbá létí títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ Yorùbá wo ni kò gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ṣebí Ìjàpá ni àwọn òbí wa ń fi pa á, Ìjàpá tí ó lọ jalè lóko olóko, tí ó bá ère alátè níbẹ̀, tí ó kí i, tí kò dáhùn, tí ó sì gbá a létí títí ó fi há. Ìtàn Áfíríkà kọjá òkun nínú ọkọ̀ ẹrú. Ó di ìtàn oko òwú. Ó di ìtàn ìwé ìròyìn. Ó wá di àwòrán tí ń rìn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka ohun tí àwọn ènìyàn sọ nípa sinimá yìí ní 1946, ẹjọ́ ará ilé ni à ń gbọ́.

Kí ni wọ́n sọ? Bosley Crowther ti New York Times gbà pé ibi tí àwòrán wà dùn, ó sì ní ibi tí ènìyàn gidi wà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní láárí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì bá Disney wí bí baba ti ń bá ọmọ wí, nítorí bí sinimá náà ti fi àwọn dúdú hàn bí ẹni tí ìgbé ayé oko ńlá náà tẹ́ lọ́rùn. Walter White, tí ó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ NAACP, fi wáyà ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn: ó yin orin rẹ̀ àti ọgbọ́n tí a fi da ènìyàn pọ̀ mọ́ àwòrán, ṣùgbọ́n ó kédàárò pé ó ń mú kí oko ẹrú dà bí ibi adùn. A sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé White fúnra rẹ̀ kò tíì wo sinimá náà nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó wò ó, tí wọ́n sì ròyìn fún un.

Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn àwọn dúdú fúnra wọn ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù lọ láti kà. Nínú Pittsburgh Courier, Herman Hill yin sinimá náà, ó ní yóò mú kí àárín dúdú àti funfun túbọ̀ dára. Nínú Afro-American, Richard B. Dier kọ̀wé pé ìríra ni ó jẹ́ fún òun, pé ìpolongo fún àwọn tí ń gbé funfun lékè ni. Ìwé ìròyìn dúdú ni méjèèjì. Àwọn òǹkàwé dúdú ni ó ń rà wọ́n. Ìdájọ́ wọn sì kọjú ìjà sí ara wọn. Ẹni tí ó bá kó ti Hill nìkan jọ yóò wí fún ọmọ rẹ̀ pé àwọn dúdú ìgbà náà kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kó ti Dier nìkan jọ yóò wí pé gbogbo wọn ni ó bínú. Irọ́ ni àwọn méjèèjì yóò pa, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n fi ń jẹ́rìí kì í ṣe ayédèrú. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òfin Mósè pàápàá kò gbà kí a fi ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ikú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Láti ìgbà tí a ti fi Song of the South hàn kẹ́yìn ní àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà ní 1986, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín kò gbé e jáde níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rà lọ sílé wò. Òkìkí rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbọ́. Nígbà tí a bá ti gbé ohun tí a ń ṣẹjọ́ lé lórí pamọ́, ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ni ó kù, ìwé ìròyìn 1946 sì ni ìwé àkọsílẹ̀ náà.

Ẹnìkan lè bi wá pé, “Ṣé àkókò kì í ṣe onídàájọ́ tí ó dára jù? Ohun tí ó dára ti dúró, ohun tí kò dára ti lọ. Kí ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kù gìrì sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣe?” Ìbéèrè tí ó ní orí ni. Èsì wa ni pé àkókò kì í dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni ó ń dá a, ohun tí ó sì ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń dá a. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ìyìn ni àwọn tí ń kó ìwé jọ pa mọ́, nítorí pé ìyìn ni ó wu ojú lára ògiri, ohun tí a ó máa pè ní ìdájọ́ àkókò kò ní ju àṣàyàn àwọn oníṣòwò lọ. Alárìíwísí ọjọ́ kìíní ní ohun kan tí àwa kò lè ní mọ́ láé: kò mọ ohun tí ayé yóò sọ lọ́la. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀lé. Nítorí náà, bí ó bá ṣe é re, ọgbọ́n rẹ̀ tọ́ sí i; bí ó bá sì ṣì í, àṣìṣe tirẹ̀ ni, kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí tí a ń wí yìí kò sì ní dúró dè wá títí. Láti nǹkan bí ọdún 1870 síwájú, igi tí a lọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣe bébà ìwé ìròyìn dípò àkísà, nítorí pé ó pọ̀, kò sì wọ́n. Ásíìdì inú irú bébà bẹ́ẹ̀ ń jẹ ẹ́ láti inú wá; oòrùn àti ooru sì ń ran ásíìdì lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù èyí ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ńlá fi ya fọ́tò ìwé ìròyìn wọn sórí máíkírófíìmù, tí wọ́n sì tà tàbí tí wọ́n da èyí tí ó jẹ́ bébà nù. Fọ́tò náà kò ní àwọ̀. Ohun tí ó pupa àti ohun tí ó dúdú di ọ̀kan lójú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ra ìdìpọ̀ ńláńlá, wọ́n tú wọn, wọ́n sì ń tà wọ́n ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ní 1999, nígbà tí British Library ń ta ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òǹkọ̀wé Nicholson Baker fi owó ara rẹ̀ gba púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ó kọ ìwé rẹ̀, Double Fold, lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2001, ní 2004 sì ni àkójọ náà lọ sí Duke University ní North Carolina. New York Herald Tribune, níbi tí Dorothy Thompson ti ń kọ̀wé, wà nínú ohun tí ó gbà sílẹ̀. A kò mọ ìwà tí ó dára ju èyí lọ láàrin àwọn tí ń kó ìwé jọ: kò ra ohun tí ó wù ú nìkan, ó ra èyí tí kò wù ú pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n jọ wà nínú ìdìpọ̀ kan.

Ẹni tí ó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ó má ṣe ká a kọ́. Kí ó fi í sí ibi tí ó tutù, tí ó gbẹ, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò dé. Kí ó má fi téèpù lẹ ibi tí ó ya, nítorí gọ́ọ̀mù ara téèpù a máa ba bébà jẹ́ ju yíya náà lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe mú abẹ́.

Kò yẹ kí a ro pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan ni èyí. Ní Abẹ́òkútà ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, ojíṣẹ́ Ọlọ́run ti C.M.S., bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́, ìwé náà sì dópin. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ó kù lónìí kò pọ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti mọ ohun tí àwọn baba wa sọ nípa ọjọ́ tiwọn, ní ọjọ́ tiwọn, mọ bí òfo yìí ti tóbi tó. A kò lè gé ohun tí a kò ní. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ láti má ṣe gé ohun tí a ní.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Nígbà tí olùkọ́ yín bá ní kí ẹ kọ èrò yín nípa ìwé tàbí eré kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ tó sọ bí ó ti rí lára yín. Ẹ má ṣe dúró kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn wí, kí ẹ má sì tijú nígbà tí ọjọ́ bá fi hàn pé ẹ ṣì í. Nígbà tí ẹ bá sì dàgbà, tí ẹ bá ìwé ìròyìn àtijọ́ kan nínú àpótí bàbá yín, ẹ má ṣe wá abẹ́ láti yọ ibi tí ó dára. Olúwa wa, lẹ́yìn tí Ó ti bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn, kò ní kí wọ́n ṣa èyí tí ó tóbi nínú àjẹkù náà. Gbogbo rẹ̀ ni Ó ní kí wọ́n kó jọ.